Iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́sìnnì ọ̀sán: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn òbí máa ń bi wá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ wa. Ìbàdàn la wà, ọmọ praímárì la sì ń kọ́, pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn tí ìyá ò rí ibi gbé wọn sí. Ẹni tó bá wà níbòmíràn lè fi ohun tó wà ládùúgbò tirẹ̀ rọ́pò ohun èlò wa.

Owó Gẹ̀ẹ́sì ni mo san. Kí ló dé tí ọmọ mi fi ń gé páálí?

Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Ẹ wo bí ọjọ́ ọmọ náà ṣe rí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ti da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ títí ọwọ́ fi ń ro ó, ó ti jẹun ọ̀sán, oorun sì ti ń kùn ún. Tí a bá tún gbé "comprehension" síwájú rẹ̀ láago mẹ́ta, ojú rẹ̀ á wà lára ìwé, ọkàn rẹ̀ á ti délé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún un ní páálí àti sísọ́ọ̀sì, tí ẹ wá sọ pé "Cut here", dandan ni kó tẹ́tí, torí tí kò bá gbọ́ yé, ibòmíràn ni yóò gé.

James Asher, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú ọ̀nà yìí di ohun tí àwọn olùkọ́ èdè káàkiri ayé mọ̀, láti àwọn ọdún 1960: kí ẹni tó ń kọ́ èdè kọ́kọ́ máa fi ara jẹ́ àṣẹ tó gbọ́, kí a tó máa retí pé kó sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá wa ò mọ Asher, ṣùgbọ́n "mú ṣíbí wá", "ti ilẹ̀kùn", "lọ pe bàbá ẹ" ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wa ní Yorùbá kí ẹnu wa tó là.

Ohun kan wà tí a kì í yẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀kọ́, ohun tó ṣe jáde ò jọ wá lójú tó bẹ́ẹ̀. Kí tíṣà tó gbé sísọ́ọ̀sì jáde, ó gbọ́dọ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́fà sílẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo tó fẹ́ kí gbogbo ọmọ lè sọ kí wọ́n tó lọ sílé. Tíṣà tí kò bá ní in lọ́wọ́, eré ló ń ṣe lóòótọ́. Ẹ gba owó yín padà.

Iṣẹ́ wo ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe?

Mọ́tò alágolo. Ọ̀pọ̀ bàbá tó ń ka èyí ló ti ṣe é rí lábẹ́ igi máńgòrò láìsí tíṣà kankan: agolo sàdíìnì fún ara ọkọ̀, àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tó ti já fún táyà, igi súyà láti so táyà pọ̀ ní méjì méjì, okùn fún fífà.

Àgbà ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan agolo. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ òróró inú rẹ̀ dànù, ẹ fi òkúta tàbí háńmà lu etí rẹ̀ wọnú títí kò fi ní mú mọ́, kí ẹ wá fi ìṣó lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítòsí ìdí. Ihò ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agolo tí etí rẹ̀ ṣì mú, ẹ má gbé e fún ọmọ, bó ti wù kó sunkún tó. Fún táyà, kí ọmọ gbé ìdérí ìgò míníràlì lé sílípáàsì, kó fi báírò fa ìlà yí i po, kí àgbà fi ọ̀bẹ gé e jáde. Ẹ ṣẹ́ ẹnu igi súyà tó mú kúrò kí ẹ tó kó o fún wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni "tin", "wheel", "hole", "stick" àti "string". Ohun tí wọ́n máa ṣe ni "push", "pull" àti "turn". Gbólóhùn wa ni "My car has four wheels", ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé á ní "four wheel", kò sì rí àìda kankan níbẹ̀, torí táyà kan àti táyà mẹ́rin, táyà náà ni. Ẹ má wulẹ̀ ní ó kùnà. Ẹ mú táyà kan sókè: "one wheel". Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àtẹ́lẹwọ́: "four wheels", kí ẹ sì fa ìparí rẹ̀ gùn bí ohùn ẹ̀fọn létí. Bí ọmọ ṣe ń ki táyà bọ igi ni kó máa kà á: "one wheel, two wheels, three wheels". Nígbà tó bá fi máa ṣe mọ́tò kejì fún àbúrò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n.

Tí gbogbo mọ́tò bá ti ń yí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa títì sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ọmọ kan á ṣe wọ́dà, á máa pàṣẹ: "Stop!" "Go!" "Turn left!" Ẹni tó bá ṣi àṣẹ gbọ́ ni wọ́dà á mú, òun ló sì máa ṣe wọ́dà tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Níbo ni ohun èlò ti ń wá? Ṣé owó rẹ̀ ò ní pọ̀?

Ojúde ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Páálí Indomie, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá (ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó sì nípọn), ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí a ti fọ̀ tí a sì sá gbẹ, ìdérí ìgò, ègé ańkárá láti ọ̀dọ̀ télọ̀, ègé sáńpépà láti ọ̀dọ̀ káfíńtà. Ẹ bẹ télọ̀ àdúgbò, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Gọ́ọ̀mù olóòórùn líle, ẹ fi sílẹ̀ sọ́jà. Sítáàṣì tí a fi ń lọ aṣọ tó. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ṣíbí sítáàṣì kan títí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ máa da omi tó ń hó lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má dẹ́kun rírò, títí yóò fi ki tí àwọ̀ rẹ̀ funfun á sì máa dán. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gbé e síwájú ọmọ. Tó bá di ọjọ́ kẹta ó ti kan, ẹ ro òmíràn.

Sísọ́ọ̀sì nìkan ló yẹ kí ẹ fi owó rà, olórí bìrìkìtì tí kò mú ṣóńṣó. Ẹ má ra iye tó kárí o. Ọmọ méjì sí sísọ́ọ̀sì kan ni àwa ń lò, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tí kò ní sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé "Please give me the scissors", ẹnìkejì á dáhùn pé "Here you are" tàbí "Wait, I am cutting". Bí sísọ́ọ̀sì bá kárí, kò sẹ́ni tó máa bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ nǹkan kan.

Ṣé kí a gba Yorùbá láyè nínú kíláàsì? Ní iléèwé ọmọ mi, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ fanákúlà.

Ẹ gba Yorùbá láyè. Bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ènìyàn, bí agolo ṣe ń ya ọwọ́, Yorùbá ni kí ẹ fi ṣàlàyé ẹ̀, torí ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkìlọ̀ náà yékéyéké. Ìbéèrè bíi "kí ló dé?" àti "báwo lo ṣe fẹ́ kó dúró?" náà lè wà ní Yorùbá. Àwọn gbólóhùn tí ẹ yàn fún ọjọ́ náà ni kí ẹ dì mú ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ má sì túmọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ yín ti túmọ̀ wọn tán.

Ní ti owó ìtanràn, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ ni, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ yìí ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yára kó sínú Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó yà wá lẹ́nu pé ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ, tí a ṣì ń gba náírà lọ́wọ́ ọmọ torí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀.

Ọmọ mi ń pe bàbá rẹ̀ ní "she". Kí ni ká ṣe?

"Ó" ni Yorùbá fi ń pe ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga, ìdí nìyẹn. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ méjì ṣe ọmọláńgidi: bọ́tìnnì fún ojú, òwú dúdú fún irun. Ọ̀kan ni Táyé, ọkùnrin. Èkejì ni Kẹ́hìndé, obìnrin, ẹ sì so gèlè ańkárá mọ́ ọn lórí. Ọmọ kan á máa fi ọmọláńgidi ṣe nǹkan, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí wọ́n rí: "He is sleeping." "She is dancing." Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ bọ́ gèlè kúrò lórí Kẹ́hìndé kí ẹ fi wé Táyé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì jiyàn, àmọ́ láàrin ìjà yẹn ni "he" àti "she" máa ń yà sọ́tọ̀ lẹ́nu wọn.

Ó ń pe "church" ní ṣọ́ọ̀ṣì, p inú "pen" sì dà bíi p inú pẹ́pẹ́yẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ lè tún ìyẹn náà ṣe?

Ó lè ràn án lọ́wọ́, torí ojú ọmọ á rí ohun tí etí rẹ̀ ò tíì dá mọ̀. P tiwa, ètè àti ẹ̀yìn ẹnu la jọ fi ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ètè nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ó sì máa ń ti èémí jáde. Ẹ gé bébà pẹlẹbẹ, kó fẹ̀ tó ìka kan, kó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ọmọ ya ìyẹ́ sí i lára, kó kùn ún bó ṣe wù ú, kó wá dì í mú níwájú ẹnu. Tó bá pe "pen" dáadáa, bébà á mì. Tó bá pe "Ben", á dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n á fẹ́ fi ẹnu fẹ́ ẹ láti rẹ́ yín jẹ, ẹ ṣọ́ wọn.

Fún "ch", ẹ ká etí bébà méjèèjì wá pàdé láàrin kó dà bíi ilẹ̀kùn oníyàrá méjì tó ń ṣí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ kọ "t" sára ilẹ̀kùn òsì, "sh" sára ti ọ̀tún, kí ọmọ ya àga, adìẹ àti ilé ìjọsìn sínú. Kó pe "t", kó pe "sh", kó pe méjèèjì pọ̀ kíákíá, kí ilẹ̀kùn wá ṣí: "chair", "chicken", "church". Àwọn ọmọ Ìbàdàn kan wà tí ṣ fúnra rẹ̀ ń di s lẹ́nu wọn, tí ìṣáná ń di ìsáná. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn kí ẹ tó kan "ch", kí ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ilé wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni.

"Ship" àti "sheep" kò gba ju rọ́bà tí a fi ń di owó. "Sheep", ẹ fa rọ́bà gùn. "Ship", ẹ jù ú sílẹ̀.

Àwọn tèmi ti wà ní praímárì karùn-ún. Mọ́tò alágolo ti di ti ọmọdé lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páálí kọ́ àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ yìí máa ń gbà, àwa sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Páálí fíríìjì tí a tẹ́ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀. Páálí ìṣáná, ti ọṣẹ àti ti ọṣẹ ìfọyín ni ilé. Igi ìgbálẹ̀ ni òpó iná. Kí wọ́n kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú tíṣà, kí wọ́n máa ya ohun tí wọ́n rí: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ìsọ̀ oníṣúgà, ibi tí Máruwá ń dúró sí.

Àwọn ọmọ tiwa kì í gbà kí a fi Cocoa House sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dùgbẹ̀ jìnnà sí wa. Àgbékà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ní, 1965 ni wọ́n ṣí i, wọ́n á sì máa to páálí ọṣẹ ìfọyín lé ara wọn títí yóò fi wó. Ibẹ̀ la ti ń kọ́ wọn ní "tall", "taller", "the tallest": "Cocoa House is taller than the church." Wọn kì í tètè gbàgbé "than", torí ó ń ṣiṣẹ́ tí "ju" ń ṣe, wọ́n kàn ní láti mọ ibi tó ń jókòó sí ni.

Ìṣòro ńlá ni "in", "on" àti "at". Ọmọ Yorùbá ń sọ pé òun wà ní ilé, ní ọjà, ní orí òrùlé, "ní" kan náà ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ fi amọ̀ mọ ewúrẹ́ kan tó máa ń sá kiri nínú àdúgbò yìí. "The goat is on the roof." "The goat is in the shop." "The goat is at the bus stop." Kí ọmọ kan gbé ewúrẹ́ pamọ́, kí àwọn yòókù máa béèrè: "Is it under the bridge?" Lẹ́yìn náà kí ọmọ kan wa Máruwá oníṣáná, kí ẹlòmíràn máa darí rẹ̀ láìfọwọ́ tọ́ka: "Go straight. Turn left at the mosque. Stop beside the bank."

Wọ́n á jà lórí ibi tí mẹ̀súyà dúró sí gan-an, ní Yorùbá pọ́ńbélé. Ẹ má dá wọn dúró. Ẹ ṣáà bọ́ sáàrin wọn kí ẹ fi gbólóhùn kan lé wọn lọ́wọ́: "No, he is opposite the school." Ọmọ tó ń wá ohun tó máa fi borí àríyànjiyàn á gba gbólóhùn yẹn bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Ìgbà wo ni wọ́n máa wá kọ nǹkan sílẹ̀?

Lẹ́yìn tí ẹnu bá ti sọ ọ́. Ìwé olójú mẹ́jọ la fi ń kọ́ wọn ní ohun tó ti kọjá. Ẹ ká bébà A4 kan sí méjì ní gígùn rẹ̀, ẹ ká a ní ìbú, ẹ tún ká a lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìbú, kí ẹ wá tú u: ojú mẹ́jọ á hàn. Ẹ ká a sí méjì ní ìbú, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e láti ojú ibi tó ti ká dé àárín gbùngbùn, ẹ má gé e já. Ẹ tú u, ẹ ká a ní gígùn, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì ti orí rẹ̀ méjèèjì síra wọn. Ojú tí ẹ gé á là, ó di ìwé kékeré láìsí gọ́ọ̀mù.

Gbólóhùn kan sí ojú kan, àwòrán lókè rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "I cut the paper" àti "I put it on the table", torí "cut" àti "put" kì í yí padà, wọ́n ń ṣe bí ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá. Ojú ìwé kẹta ni kí "I folded it" ti wọlé, "I made a book" lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kó "went", "bought" àti "taught" dà lé wọn lórí lọ́jọ́ kan.

Ọmọ ogójì ló wà níwájú mi, èmi nìkan ni tíṣà.

Ẹ má gbìyànjú mọ́tò alágolo. Ẹ ṣe ìwé olójú mẹ́jọ. Ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ olórí ẹgbẹ́ mẹ́jọ nígbà tí àwọn yòókù bá ń ya àwòrán.

Àwọn tí ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà ńkọ́?

Kí wọ́n máa ya bébà dípò gígé, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa mọ amọ̀. Dókítà Maria Montessori ti Ítálì, tó ṣí iléèwé ọmọdé ní Róòmù ní 1907, máa ń lo lẹ́tà tí a fi sáńpépà gé, kí ọmọ máa fi ìka tọ̀ ọ́ kó tó di pé ó mú pẹ́ńsù. Ègé tí káfíńtà ń dà nù tó fún un. Àwọn kan ń lo gàrí nínú abọ́ fún irú eré yìí. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta gàrí lóde òní, iyanrìn ni àwa ń lò.

Ṣé kí n bá ọmọ mi ṣe iṣẹ́ tó bá gbé wálé?

Ẹ má bá a ṣe é. Nígbà tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ túmọ̀ sí ìgbálẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ tí ìyá lọ rà lọ́jà kí ọmọ lè gba máàkì, ibi tí ìgbálẹ̀ wọ̀nyẹn sì wọlé sí, a ò ní sọ. Mọ́tò tó tẹ̀ tí ọmọ lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ṣe pàtàkì sí wa ju èyí tó rẹwà tí bàbá rẹ̀ ṣe lọ.

Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń kọ́ nǹkan?

Ìyá tó ń béèrè èyí kì í mọ̀ pé òun ló ní àǹfààní jù. Ẹ má bi í pé "kí lo kọ́ lónìí?", torí "nothing" ni ìdáhùn. Ẹ sọ pé: "Ọkọ mi, wá kọ́ mi." Kó kó páálí àti sísọ́ọ̀sì síwájú yín lórí ìsọ̀, kó máa pàṣẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ máa ṣe é. Tí kò bá yé yín, kó fi ọwọ́ hàn yín, kó tún un sọ. Ẹ máa mọ̀ kíá bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ò lè darí yín.

A wà ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, Faransé ni ọmọ ń kọ́ ní iléèwé. Ṣé ó yàtọ̀?

Díẹ̀. Lẹ́tà ló máa dà á láàmú jù, torí orúkọ tí Faransé ń pe "i" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe "e". Ẹ gé káàdì lẹ́tà ní àwọ̀ méjì, ọ̀kan fún èdè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì kó wọn sínú àpò kan náà. Ìyókù iṣẹ́ náà kò yí padà.

Ta ló máa palẹ̀ ilẹ̀ mọ́?

Àwọn ọmọ ni, ní Gẹ̀ẹ́sì: "Pick up the paper." "Sweep the floor." "Put the scissors in the box." Ẹ ka sísọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Kí wọ́n fi omi ṣan ìkòkò sítáàṣì lójú ẹsẹ̀, torí tó bá gbẹ mọ́ ọn lára, tíṣà ló máa fi kànìnkànìn ha á lálẹ́.